Ọ̀dà Ara Ògiri Kọ́ Ni Ilé-Ìwé

Ẹ̀yin ará wa ní Sábọ̀n Gàrí Kánò, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ ní ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún nílé, oṣù kẹsàn-án ń bọ̀. Àwọn onílé-ìwé aládàáni ti ń fi ìwé ìpolówó há wa lọ́wọ́ ní ojú ọjà, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Ọ̀rọ̀ náà ni pé a kò mọ ilé-ìwé yàn. Owó tí a ń ná kò kéré, ṣùgbọ́n ohun tí a ń fi owó náà rà kò tó nǹkan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò bá ẹni tí ó fi ọmọ sí ilé-ìwé aládàáni jà. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn bàbá wa tí wọ́n wà ní Òkè Ọya kò jẹ nínú rẹ̀. Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta ilé-ìwé girama, síbẹ̀ gbogbo wa ni a rí bí ọmọ ti ń kún kíláàsì ìjọba tí àga kì í kárí wọn. Ẹni tí ó bá ní owó, kí ó san án. Ìjà mi ni pé kí á rí ọjà gbà fún owó wa.

Oníṣòwò ni púpọ̀ nínú wa. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá lọ ra aṣọ ní Kàǹtín Kwárí, kò ní gbé ìdì aṣọ nítorí pé ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ń dán. Yóò tú u, yóò fọwọ́ pa á, yóò gbé e sójú oòrùn, yóò wọ̀n ọ́n bóyá ó pé yáàdì márùn-ún. Kí ni ó wá dé tí ẹni kan náà yóò dé ẹnu géètì ilé-ìwé, tí yóò rí ọ̀dà pupa àti yẹ́lò, tí yóò rí bọ́ọ̀sì kan, tí yóò ka orúkọ òyìnbó lára pátákó, tí yóò sì ka owó sílẹ̀ lọ́jọ́ náà? Kò bèèrè ẹni tí yóò kọ́ ọmọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wọ kíláàsì. Ṣé ọmọ kò tó ìdì aṣọ ni?

Olùkọ́ ni ilé-ìwé. Ìlànà ìjọba ni pé ìwé-ẹ̀rí NCE ni ó kéré jù tí olùkọ́ lè ní, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní TRCN. Ta ni nínú yín ni ó bèèrè èyí rí? Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ ọmọ wa jẹ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, tí ń dúró de JAMB. Owó oṣù wọn kò tó èyí tí ẹlòmíràn ń san fún ọmọ tí ń bá a ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí JAMB bá ti mú un, ó lọ nìyẹn, láàrin táàmù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní olùkọ́ mẹ́ta láàrin ọdún kan ṣoṣo, owó ilé-ìwé kò sì dín kọ́bọ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ bi olùkọ́ náà léèrè pé ó ti tó ọdún mélòó níbẹ̀. Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ pẹ̀lú, nítorí pé lọ́dún 2023 ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò fagi lé ìwé àṣẹ gbogbo ilé-ìwé aládàáni, ó ní kí wọ́n wá gba òmíràn. Onílé-ìwé tí ó gbà á kò ní bínú láti fi hàn yín. Èyí tí ó bá bínú, ẹ bá ọ̀nà yín lọ.

Bí ọmọ kíláàsì kẹta bá ń ka ìwé rẹ̀ fún yín tí ó ń já geere, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ fún un ní ìwé mìíràn tí kò rí rí, kí ó ṣe ìwé ìròyìn tàbí ara páálí mílíìkì, kí ó kà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti há ìwé kíláàsì sórí ni. Ẹ tún wo ìwé tí wọ́n ń tà fún wa, èyí tí ọmọ ń kọ ìdáhùn sínú rẹ̀, kí àbúrò rẹ̀ má baà lè lò ó lọ́dún tí ó ń bọ̀. Ní ìparí, ọmọ ọdún márùn-ún a wọ ẹ̀wù dúdú, a dé fìlà onígun mẹ́rin bí ẹni tí ó jáde ní yunifásítì. Àwa ni a ń sanwó rẹ̀, àwa náà ni a ń sanwó fótò.

Mo wá dé ibi tí ó dùn mí jù. Ilé-ìwé wà láàrin wa níhìn-ín tí ọmọ kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá bí ó bá ti wọ géètì. Wọ́n pè é ní vernacular, bí ẹni pé èébú ni. Ọmọ tí ó bá sọ ọ́ yóò san owó ìtanràn, tàbí kí wọ́n gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi ṣẹ̀sín. Ìwọ bàbá, ìwọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìwọ ọmọ Ọ̀fà, ìwọ ni o ń san owó ìtanràn náà. Èyí tí ó burú jù ni pé Yorùbá ni àwọn mìíràn nínú àwọn onílé-ìwé náà, wọ́n a wọ agbádá wá sí ìpàdé wa, a ó sì pè wọ́n sórí àga níwájú. (Wọn yóò ní kí akọ̀wé má tẹ èyí jáde. Èmi ni akọ̀wé.)

Ẹ ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fún ènìyàn níṣẹ́. Ta ni ó ní kí ọmọ má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ rántí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe. Láti ọdún 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú kọ́ wọn lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú ẹ̀kọ́ yòókù. Lọ́dún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí á bu owó lé ọmọ lórí nítorí èdè ìyá rẹ̀.

N kò sọ pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ìṣirò ní Kánò. Ọmọ Ígbò, ọmọ Ìdọ́mà, ọmọ Tífì àti ọmọ Haúsá ni wọ́n jọ ń jókòó. Kí ọmọ gbọ́ Haúsá dáadáa pẹ̀lú. Òun ni mo fi ń jẹun. Àwọn kan ní ilé ni ọmọ yóò ti kọ́ Yorùbá. Nígbà wo? Bọ́ọ̀sì ń gbé e ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹ̀kọ́ àfikún ń dá a dúró di ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù di aago mẹ́jọ alẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni àwa fúnra wa sì fi ń bá a sọ̀rọ̀ kí aládùúgbò lè gbọ́. Bí a bá gbé e délé ní ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, ìyá àgbà a máa ki ọmọ ní oríkì rẹ̀, ọmọ a máa wo ojú màmá rẹ̀ kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Òbí kan kò lè bá onílé-ìwé jà, wọn yóò ní kí ó kó ọmọ rẹ̀ lọ. Bí ogún òbí bá jọ jókòó níwájú rẹ̀, yóò pàṣẹ kí wọ́n gbé ìjókòó wá. Ohun mẹ́ta ni a ó bèèrè: kí owó ìtanràn àti pátákó ọrùn dópin, kí ọmọ wa ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún Yorùbá kíkà àti kíkọ, tí ẹgbẹ́ yóò wá olùkọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún òbí bí olùkọ́ bá ti yí padà. Ilé-ìwé tí ó bá kọ̀, kí á má mú ọmọ tuntun kankan lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án.

N ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé Sọ́ńdè kejì oṣù tí ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Kí olúkúlùkù mú ìwé owó ilé-ìwé táàmù tí ó kọjá dání, kí á kà wọ́n síta, kí gbogbo wa mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san àti ohun tí wọ́n ní àwọn ń gbà á fún.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́