Ṣé Èdè Yorùbá Ló ń Mú Ọmọ Wa Fìdí Rẹmi?



Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bó bá jẹ́ pé ibà ti ń ṣe ọmọ náà láti ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé omi tó mu ni kò dáa ńkọ́? Pé nǹkan méjì tẹ̀lé ara wọn kò ní kí èkíní jẹ́ ìyá èkejì.

Ìdí tí a fi mú òwe yìí wá ni ọ̀rọ̀ kan tó ń jà ràn-ìn láàárín wa. Nínú ìpàdé, àwọn kan ń sọ pé kí ẹgbẹ́ pàṣẹ fún àwọn òbí kí wọ́n má sọ Yorùbá sí ọmọ mọ́ nílé, Faransé nìkan ni kí wọ́n máa sọ. Àlàyé wọn rèé: àwọn ọmọ tó ń sọ Faransé nílé ń yege nínú ìdánwò CEP, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ Yorùbá nílé ń fìdí rẹmi, nítorí náà, Yorùbá ló ń fà wọ́n sẹ́yìn. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ọ̀tá wa. Òbí ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń dùn wọ́n. A ò sì sọ pé wọn ò rí ohun tí wọ́n rí. "Nítorí náà" yẹn ni a ò lè gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ilé tí wọ́n ti ń sọ Faransé dáadáa. Ilé ta ni? Ilé olùkọ́, ilé nọ́ọ̀sì, ilé òṣìṣẹ́ ìjọba, ilé ẹni tó ń gbowó lóṣooṣù. Iná wà níbẹ̀ lálẹ́. Ìwé wà. Bí ìṣirò bá le, bàbá mọ̀ ọ́n. Bó bá le jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á sanwó fún olùkọ́ kó wá kọ́ ọmọ nílé. Ilé tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá nìkan ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ilé àgbẹ̀ àti ilé oníṣòwò kékeré. Ní ìhà Ṣábẹ̀, bí kajú bá bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ ní oṣù kejì, ta ní ń bá wọn ṣà á? Ọmọ ilé ìwé wà lára wọn, ìdánwò sì ń sún mọ́lé.

Ṣé èdè nìkan ló wá yàtọ̀ láàárín ilé méjèèjì? Owó ló bí Faransé, owó náà ló bí ìyege. Ọmọ ìyá kan ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan kọ́ ló bí èkejì.

Ẹ jẹ́ á tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà mìíràn. Nínú agboolé kan náà, ọmọ méjì ń sọ Yorùbá kan náà. Ọ̀kan yege, ìkejì ò yege. Yorùbá kò lè ṣàlàyé ìyẹn. Àwọn bàbá wa àgbà tó kọ́kọ́ di olùkọ́ ńkọ́? Ilé tí wọn ò ti gbọ́ Faransé rí ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Láyé wọn, bí ọmọ bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nílé ìwé, wọ́n á fi àmì ìtìjú tí wọ́n ń pè ní signal kọ́ ọ lọ́rùn. Síbẹ̀, wọ́n kàwé yege, Yorùbá kò sì kúrò lẹ́nu wọn.

Ẹ jẹ́ á kọjá sí òdìkejì, torí ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ fẹnu kò lé lórí ní 1889 kò sọ wá di èèyàn méjì. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀ dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta péré kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọlọ́dún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ yòókù.

Ká má fi ìwọ̀n méjì wọn ọ̀rọ̀ o. Ìbéèrè tí a bi ẹlòmíràn, ó yẹ ká bi ara wa náà. Ìwé tuntun ni wọ́n kọ fún àwọn ọmọ Ifẹ̀ yẹn. Nítorí náà, a ò lè sọ pé Yorùbá nìkan ló gbé wọn dé ibẹ̀. Ìwé àti olùkọ́ ní ìpín tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ ni pé Yorùbá ń dí ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà tí kò sì rẹ̀yìn, ó ti dáhùn ẹ̀sùn yẹn.

Ẹnìkan á ní: ṣebí Faransé ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò? Òótọ́ ni. Ọmọ tó ń gbọ́ Faransé láti kékeré ní àǹfààní, a ò ní purọ́. Ọmọ mìíràn mọ ìṣirò náà, ìbéèrè gan-an ni kò yé e. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ká kọ́ ọmọ ní Faransé tó dáa sí i. Kò ní ká gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀. Ìyá tí kò mọ Faransé, tí a ní Faransé nìkan ni kó máa sọ, kí ló máa bá ọmọ rẹ̀ sọ? Wá, jẹun, lọ sùn: ó parí. Kò ní lè pa àlọ́ fún un, kò ní lè ki oríkì rẹ̀, kò ní lè bá a wí kó yé e. Ọmọ náà á pàdánù Yorùbá, kò sì ní rí Faransé gidi gbà.

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, ẹ mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ. Bí ẹnìkan bá wá sí ààfin pé ewúrẹ́ Lágbájá ló jẹ iṣu òun, ẹ máa ń bi í pé: ta ló rí i? Ewúrẹ́ ta ló tún ń jẹ̀ ládùúgbò náà? Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbọ́ ẹjọ́ Yorùbá náà bẹ́ẹ̀.

Ohun mẹ́ta là ń bẹ ẹgbẹ́. Àkọ́kọ́, kí a dá òfin náà dúró ná. Èkejì, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò, àwọn tó yege àtàwọn tí kò yege, kí wọ́n sì béèrè: èdè wo ni wọ́n ń sọ nílé? Ṣé ó ní ìwé? Ṣé iná wà? Ọjọ́ mélòó ni kò lọ sílé ìwé? Ṣé olùkọ́ wà ní kíláàsì rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin? Ẹ̀kẹta, kí owó ẹgbẹ́ lọ síbi tí ìdáhùn bá tọ́ka sí, ìbáà jẹ́ iná, ìwé tàbí ẹ̀kọ́ Faransé ní ìrọ̀lẹ́. Bí ìdáhùn bá sì fi hàn pé àwa la ṣì í, a ó jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí kan náà.

Bó bá jẹ́ pé ibà ló ń pa ọmọ, tí a sì ń lé àjẹ́ kiri, ọmọ mìíràn á tún kú.