Bí Eégbọn Bá Bù Yín Jẹ

Ọ̀rọ̀ eégbọn kì í ṣe ti darandaran àti alápatà nìkan. Ẹni tí ń sin ajá, ẹni tí ó so àgbò Iléyá mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ọmọ tí ń ṣeré nínú koríko, gbogbo wọn ni eégbọn lè lẹ̀ mọ́ lára.

Ní dìsípẹ́ńsárì wa ní Ìpetumodù níhìn-ín, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé wọ́n ti ta kẹrosíìnì sí i, tàbí pé wọ́n ti fi iná ìṣáná sun ún ní ìdí. N kò fara mọ́ èyí rárá. Eégbọn tí a bá dá lóró báyìí lè pọ ohun inú rẹ̀ sínú ara ẹni kí ó tó jábọ́. Ẹ mú ẹ̀mú kékeré tí àwọn obìnrin fi ń tu irun ojú, ẹ fi gbá a mú níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ ara gan-an, kì í ṣe ní ikùn, kí ẹ sì fà á jáde tààrà láìlọ́ ọ. Ẹ má fi èékánná pa á. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ àti ọwọ́ yín, kí ẹ sì sàmì sí ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà.

Kàlẹ́ńdà yìí ni àwọn ènìyàn ń fojú kéré, òun ni èmi sì kà sí jù. Àìsàn tí eégbọn ń gbé wọ ara lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dé. Ara á gbóná, orí á máa fọ́ni, ojú ibi tí ó bù jẹ lè dúdú bí ẹni pé iná jó o, kókó sì lè sọ ní abíyá. Nígbà náà, ta ni yóò rántí eégbọn? Ibà ẹ̀fọn ni wọn yóò pè é, oògùn ibà lórí oògùn ibà, owó ń lọ, ara kò sì yá.

Ní 1964, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú eégbọn tí wọ́n ṣà lára màlúù. Dùgbẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ọjà tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n sì tún bá a nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí ara wọn ń gbóná.

Nítorí náà, bí ara bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà, kí ẹ sì sọ pé eégbọn bù yín jẹ ní ọjọ́ báyìí. Ẹ má dúró kí nọ́ọ̀sì bèèrè. Èrò pọ̀ níwájú wa. Oògùn doxycycline ń wo ibà eégbọn kan tí ó wọ́pọ̀ ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò yàn án, kì í ṣe ẹlẹ́kẹ́mísì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń jáde ní imú tàbí ní ẹnu, ẹ gba ilé ìwòsàn ńlá lọ lójú ẹsẹ̀.