Òṣùwọ̀n Èké Nínú Yàrá Ìdánwò



Bí a bá ká oníṣòwò kan mọ́ ọjà Òkè-Àrín pé ó lu ìdí kọ́ńgò rẹ̀ wọnú, gbogbo wa ni a ó pariwo olè lé e lórí. Ó sì tọ́. Odidi Súúrà kan, Al-Mutaffifin, ni Ọlọ́hun fi bá àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù wí. Kí ni kí a wá pe ìyá tí ó dìde nídìí ọjà kan náà, tí ó ka èrè rẹ̀ sílẹ̀ fún mírákù sẹ́ńtà kí wọ́n lè bá ọmọ rẹ̀ kọ ìdánwò? Kí ni kí a pe bàbá tí ó mọ̀, tí ó dákẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1977, ìwé ìdánwò WAEC tú síta, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní "Ẹ̀kísípò 77". Ní 1984, ìjọba ológun fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lé e lórí. Síbẹ̀, kò kú. Òfin kò lè pa ohun tí òbí ń fi owó bọ́ nínú ilé.

A kò sọ pé ọ̀nà rọrùn. Ní 2024, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB ju 1,900,000 lọ, àyè ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò sì tó wọn. Ọmọ Ìdúmàgbò tí ó ru ẹrù ìyá rẹ̀ délé lálẹ́, inú ariwo jẹnẹrétọ̀ ni ó ti ń kàwé. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn gan-an ni ẹ̀kísípò ń rẹ́ jẹ. Àyè tí a fi owó rà, tirẹ̀ ni.

Nígbà kan, ọ̀pọ̀ bàbá wa l'Ékòó kọ ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì kí ẹ̀sìn má baà bọ́ lọ́wọ́ ọmọ wọn. Nígbà tí ìjọba ṣí ilé-ìwé Mùsùlùmí ní 1896, tí a sì dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, ìmọ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń wá. Àwa wá ń ra ìwé tí kò ní ìmọ̀, tí kò ní ìgbàgbọ́. Ọmọ wa ń wọ yàrá ìdánwò, bísímílláà lẹ́nu, ẹ̀kísípò nínú ìbọ̀sẹ̀!

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àṣìṣe kan nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ JAMB kan àwọn ọmọ 206,610 ní Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Ọlóyèdé, ọ̀gá àgbà àjọ náà nígbà náà, Mùsùlùmí bíi tiwa, jáde sí gbangba, ó gba ẹ̀bi, ó sunkún, wọ́n sì tún ìdánwò náà ṣe. Bí ọ̀gá bá lè sọ pé òun kùnà, kí ló dé tí ọmọ wa kò lè mú F9 wálé, kí ó tún un kọ lọ́dún tó ń bọ̀? Ìfìdírẹmi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Kí àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù wa dá owó jọ, kí wọ́n gba olùkọ́ ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ àdúgbò. Owó tí à ń kó fún mírákù sẹ́ńtà tó o ṣe.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ ọlọ́jà kan, ó bá a pé òkè gbẹ, inú tutù. Ó sì yọ ẹlẹ́tàn kúrò lára àwọn tirẹ̀. Bí a bá ti ọwọ́ bọ ìwé ẹ̀rí ọmọ wa bẹ́ẹ̀ lónìí, ṣé gbígbẹ ni a ó bá?

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó mọ́ kẹ́ wa. Aamin.