Kí Ìwé Ìlànà Sọ Ibi Tí Ewu Wà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ní Genova, Torino, Padova àti gbogbo àríwá Ítálì! Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí á jọ sọ, pàápàá àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìwé ìlànà tí a fi ń bá Unix àti Linux lò.

Ètò tí a bá kọ kò lè fúnra rẹ̀ fọwọ́ kan dísìkì. Ó ní láti bẹ ètò ìpìlẹ̀ tí ó ń darí kọ̀ǹpútà pé kí ó bá òun ṣe é. Ẹ̀bẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní system call; open, write àti fsync wà lára wọn. Ní 1971, nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie kọ ìwé ìlànà Unix àkọ́kọ́, wọ́n fi ààyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún àléébù, kí wọ́n lè sọ ibi tí iṣẹ́ wọn kù sí. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìwé lè sọ òótọ́ kí ó má là á yéni. Ẹ wo write. Bí ó bá dáhùn pé òun ti ṣe tán, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé ohun tí àwọn kọ ti wọ inú dísìkì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè ṣì wà nínú mẹ́mórì. Fsync ni a fi ń tì í dé dísìkì. Ìwé ìlànà Linux sọ èyí, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ó fi í sí, níbi tí ẹni tí ń kánjú kì í dé. Ní Torino, níbi tí iná kì í sábà lọ, àṣìṣe náà lè má hàn. Gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ dé Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, kí iná lọ lójijì, àkọsílẹ̀ owó oníṣòwò ti bómi lọ.

Àwọn àgbà pàápàá kò mórí bọ́. Ní 2018, àwọn tí ń ṣe PostgreSQL rí i pé bí fsync bá kùnà lórí Linux, tí a sì tún un pè, ó lè dáhùn pé ó dára, nígbà tí àkọsílẹ̀ ti sọnù. Ìwé ìlànà kò là á mọ́lẹ̀ tó láti gbà wọ́n.

Èrò tiwa ni pé kí ìkìlọ̀ wà lókè ojú ewé, kí àpẹẹrẹ wà, kí ìwé má sì ka orúkọ àṣìṣe nìkan, bí kò ṣe kí ó sọ ohun tí ó kù fún wa láti ṣe. Àwọn kan yóò ní kí ẹni tí kò bá yé lọ ka kóòdù Linux, gbangba ni ó ṣáà wà. A kì í sọ pé kí ẹni tí ó fẹ́ jẹ iyán kọ́kọ́ lọ gbẹ́ odó. Kóòdù ń sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lónìí. Ìwé ìlànà ni ó yẹ kí ó sọ ohun tí a lè gbára lé lọ́la.

Ní Padova yìí náà ni Galileo ti tẹ ìwé ìlànà ohun èlò ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1606, ẹ̀dà 60 péré. Kò fi Látìn àwọn ọ̀mọ̀wé kọ ọ́; èdè ìlú ni ó lò, kí ó lè yé àwọn ológun tí kò gbọ́ Látìn. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ta ni yóò ṣe ti àwọn ìpè wọ̀nyí bí kì í bá ṣe àwa?

Ẹnikẹ́ni ni ó lè fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tọ́jú ìwé ìlànà Linux. Nítorí náà, bí ojú ewé kan bá rú yín lójú, ẹ má ṣe kùn lásán. Bí ó bá ti yé yín tán, ẹ kọ ọ́ kí ó yé ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.