Ta ló ń ṣílẹ̀kùn fún kọ̀ǹpútà tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ lóru?

Iṣẹ́ kan ti wọ inú òwò kéékèèké báyìí tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ti tì, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti lọ sílé, kọ̀ǹpútà tó wà lórí káńtà ṣì ní nǹkan kan tó fẹ́ ṣe. Á kó àkọsílẹ̀ ọjà tí wọ́n tà lójúmọ́ náà jọ sínú fáìlì kan, á sì fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà níbòmíràn, èyí tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń pè ní sáfà. Kò sẹ́ni tó máa tẹ nǹkan kan. Bí agogo mọ́kànlá alẹ́ bá ti lù, fáìlì á gbéra. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tó ni òwò á ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, á sì rí iye tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan pa.

Iṣẹ́ tó dáa ni. Ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìwé kíkó kiri àti lọ́wọ́ akọ̀wé tí ìṣirò rẹ̀ kì í dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọn kì í sábà bi ẹni tó bá wọn tò ó: nígbà tí kọ̀ǹpútà yìí bá dé ẹnu ọ̀nà sáfà lóru, kí ló fi ń ṣílẹ̀kùn? Ìdáhùn rẹ̀ kì í dùn ún gbọ́ rárá. Páásíwọọ̀dù ni, tí wọ́n kọ gbangba sínú fáìlì kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà kan náà, tí ẹnikẹ́ni tó bá ráyè jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì lè kà. Páásíwọọ̀dù ọ̀hún kì í sì í ṣe ti fáìlì ọjà nìkan. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì, òun ni wọ́n fi ń ṣí lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ni ọmọ tó bá wọn tò ó lọ́jọ́ kìíní ṣì mọ̀ sórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Bí àpẹẹrẹ, obìnrin tó bá ní ilé oògùn mẹ́ta n'Ìbàdàn, ọ̀kan ní Dùgbẹ̀, ọ̀kan ní Mọ́kọ́lá, ọ̀kan ní Bódìjà, kì í ṣe iye owó nìkan ló ń fi ránṣẹ́ lálaalẹ́. Orúkọ oníbàárà wà nínú fáìlì yẹn, nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀, oògùn tí oníkálukú ń lò náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ra oògùn àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ń ra oògùn tí kò tíì sọ fún ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ nílé. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni àwọn ará ìlú, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù lóṣù kẹfà ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn nǹkan tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tó sì lè kó bá àwọn tó ni ín, wákàtí 72 ni òfin náà fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ láti fi tó ìgbìmọ̀ ìjọba létí. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù méjì náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún òwò náà lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Fún àwọn tí òfin kà sí ẹni ńlá, mílíọ̀nù mẹ́wàá ni wọ́n fi rọ́pò méjì yẹn. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ báǹkì ni ọ̀rọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà kò tíì ka òfin yẹn dáadáa.

Ọ̀nà tí fáìlì ń gbà gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọdún 1971 ni Abhay Bhushan, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT l'Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ ìlànà tí wọ́n ń pè ní FTP, tí kọ̀ǹpútà kan fi ń gbé fáìlì fún èkejì. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ nígbà yẹn kò pọ̀, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ fura sí ara wọn. Gbangba ni FTP ń sọ̀rọ̀. Orúkọ, páásíwọọ̀dù, ohun tó wà nínú fáìlì, gbogbo rẹ̀ ló ń kọjá láìbo ohunkóhun mọ́lẹ̀, bí ìránṣẹ́ tí wọ́n rán níṣẹ́ àṣírí, tó wá ń pariwo iṣẹ́ náà láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ọjà. Àwọn àgbà ayé àtijọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àrokò ni wọ́n ń dì. Ẹni tó gbé e kò ní láti mọ ohun tó gbé, ẹni tó bá sì dá a lọ́nà kò ní rí ju owó ẹyọ àti ìyẹ́ lọ.

Lọ́dún 1995, àwọn kan fi ẹ̀tàn kó páásíwọọ̀dù tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland. Ìyẹn ló mú kí Tatu Ylönen, olùwádìí kan níbẹ̀, kọ SSH, tó máa ń di gbogbo ọ̀rọ̀ bí àrokò kó tó gbéra. Nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà 22 ni ó gbà fún un, láàárín 21 tí FTP ń lò àti 23 tí telnet ń lò, àwọn ọ̀nà àtijọ́ méjì tó fẹ́ kí ó rọ́pò. Orí SSH yìí ni SFTP ń gbà rìn. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló fi ju FTP lọ lórí ìwé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣì í mú. Nígbà tó di ọdún 2021, Chrome àti Firefox ti yọ FTP kúrò nínú iṣẹ́ wọn pátápátá. Síbẹ̀, àwọn tó ń háyà sáfà fún èèyàn ṣì wà tó ń fún oníbàárà ní FTP, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó bá ń kánjú á sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní SFTP làwọn ń lò ní tàwọn, pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tíì tán. SFTP tí wọ́n bá ń fi páásíwọọ̀dù ṣí, tí páásíwọọ̀dù ọ̀hún sì wà gbangba lórí kọ̀ǹpútà, ilé onílẹ̀kùn irin ni, tí wọ́n wá fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sábẹ́ ẹní ìnusẹ̀.

Ohun tó yẹ ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ SSH. Méjì ni wọ́n máa ń ṣe pọ̀, iṣẹ́ wọn ò sì jọra. Ọ̀kan dà bí àgádágodo. Orí sáfà ni wọ́n ń gbé e sí, bí ẹnikẹ́ni bá sì rí i, kò sí wàhálà, torí àgádágodo kì í ṣílẹ̀kùn. Èkejì ni kọ́kọ́rọ́ gan-an, kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe é. Kì í tilẹ̀ rìn lójú ọ̀nà rárá. Kọ̀ǹpútà á kàn fi ẹ̀rí han sáfà pé òun ní in lọ́wọ́. Níwọ̀n ìgbà tí kò sì sẹ́ni tó jí lóru láti máa tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí, irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà láìsí ọ̀rọ̀ àṣírí kankan lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà yẹn lọ ti gbé kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ lágbára ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Yàrá kan ṣoṣo ni kó ṣí, kó gbé fáìlì sílẹ̀ níbẹ̀, kó má lè pàṣẹ ohun mìíràn. Ṣọ́ọ̀bù Mọ́kọ́lá gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ti Dùgbẹ̀ wà lọ́tọ̀, bó bá sì di pé wọ́n jí kọ̀ǹpútà Mọ́kọ́lá lọ, ìlà kan péré ni wọ́n máa pa rẹ́ lórí sáfà, àwọn yòókù á máa bá iṣẹ́ lọ. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ á mọ ohun tí ChrootDirectory àti internal-sftp túmọ̀ sí. Bí wọ́n bá dárúkọ méjèèjì fún un tó ń wojú, ó yẹ kí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un náà máa wo ojú ẹlòmíràn. Ibi kan wà tó máa ń dà wọ́n láàmú níbẹ̀: fódà tí wọ́n há àkáǹtì náà mọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti root, ìyẹn ọ̀gá sáfà, kò sì gbọ́dọ̀ sí ẹlòmíràn tó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n á ti wá ṣe fódà kékeré tí fáìlì á máa bọ́ sí. Ẹni tí kò bá mọ èyí, tí sáfà sì ń lé e padà léraléra, lè bínú ṣí gbogbo ilé sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè parí.

Kì í ṣe sáfà nìkan ló yẹ kó mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́dọ̀ mọ sáfà, kó má lọ gbé fáìlì fún ọlọ́ṣà tó jókòó sójú ọ̀nà. Gbogbo sáfà SSH ló ní àmì tirẹ̀, bí ilà ojú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó ń tò ó gbọ́dọ̀ gba àmì náà lẹ́nu ẹni tó ni sáfà, kó fi wé èyí tó rí, kó tó tọ́jú rẹ̀. Bí ilà náà bá yí padà lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ á dúró, ìkìlọ̀ á jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á pa àyẹ̀wò yìí, wọ́n á kọ StrictHostKeyChecking=no, kó má baà yọ wọ́n lẹ́nu. Ìyẹn ni pé kí ọmọ ọ̀dọ̀ má wojú ẹni tó ń gbowó fún mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí GitHub jẹ́ ká rí i kedere. Ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2023 ni ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ RSA tí sáfà àwọn fi ń ṣe ìdánimọ̀ ara rẹ̀ lórí SSH, nítorí pé ó ṣèèṣì wà ní gbangba fún ìgbà díẹ̀, níbi tí ayé ti lè rí i. Lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ tó ń dá rìn, tó sì gbára lé kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ náà, dúró. Ìkìlọ̀ jáde pé ojú ẹni tí wọ́n ń wò kì í ṣe ojú àná. Inú ń bí àwọn kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gbé àyẹ̀wò yẹn síbẹ̀ fún gan-an ló ṣe. Àwọn tó fara balẹ̀ fi àmì tuntun wé èyí tí GitHub gbé jáde, wọ́n sì tẹ̀ síwájú. Iṣẹ́ ẹni tó ti pa àyẹ̀wò tirẹ̀ kò dúró rárá, bó jẹ́ olè ló wà níbẹ̀, kò ní dúró náà.

Iná àti íntánẹ́ẹ̀tì tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin ló bàjẹ́ ní ìhà Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ọ̀pọ̀ báǹkì ní Nàìjíríà sì rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ń fà. Kò tilẹ̀ dìgbà tí wáyà bá já. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí fáìlì wà lójú ọ̀nà, ìlàjì ló máa dé, ẹ̀rọ ìṣirò tó wà lódìkejì á sì kà á bí odindi. Ọjà ọgọ́rùn-ún á di ọgọ́ta, wọ́n á sì máa wo ọmọ iṣẹ́ ní ìwò olè. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò le: kí fáìlì máa bá orúkọ ìgbà díẹ̀ wọlé, tó bá pé tán ni kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti gidi, kí ẹ̀rọ ìṣirò má fọwọ́ kan èyí tí kò tíì gba orúkọ. Tó bá sì kùnà, kí iṣẹ́ náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí èèyàn. Ẹ̀rọ tó bá ń kùnà láìsọ̀rọ̀ burú ju èyí tí kò ṣiṣẹ́ rárá lọ.

Fáìlì tó bá dé láyọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀. Lópin oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Cl0p rí ihò kan nínú MOVEit, irinṣẹ́ ìfifáìlì ránṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ Progress Software l'Amẹ́ríkà ń tà. Ihò nínú irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni. Zellis, tó ń bá ilé iṣẹ́ ṣètò owó oṣù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó ń lò ó, bẹ́ẹ̀ ni ìsọfúnni òṣìṣẹ́ BBC, British Airways àti Boots ṣe bọ́ sọ́wọ́ wọn. Fáìlì tí wọ́n bá ti kó kúrò lórí sáfà lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ parí kò sí níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kó.

Owó ńkọ́? OpenSSH kì í gba kọ́bọ̀. Ó ti ń bá Windows 10 wá láti ọdún 2018, ó wà lórí Linux tipẹ́. Owó iṣẹ́ oníṣẹ́ ni ẹni tó ni òwò máa san, kò sì yẹ kó lọ́ra láti san án, torí ẹni tí wọ́n bá fi owó kékeré há láyè ló máa ń kọ páásíwọọ̀dù sínú fáìlì kó lè tètè lọ. Kó tó sanwó tó kù, kó ní kí oníṣẹ́ náà jókòó, kó lo kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù Bódìjà láti gbìyànjú àtiwo fódà Dùgbẹ̀ lójú òun. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kó yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ní agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, kó sì wo fóònù ẹni tí àtẹ̀jíṣẹ́ máa wọlé sí.