Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò tó lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú



Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Òótọ́ ni, nílé àti láàfin. Ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ òfurufú, àbọ̀ ọ̀rọ̀ a máa pa èèyàn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Texas, l'Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1991. Lóru, àwọn òṣìṣẹ́ Continental Express ń tún ìrù ọkọ̀ kan ṣe. Wọ́n tú skúrù 47 lókè apá òsì ìrù náà. Àkókò iṣẹ́ wọn pé, wọ́n lọ. Àwọn tó gba iṣẹ́ kò mọ̀ pé skúrù ò sí níbẹ̀, wọn ò sì rí i kà nínú ìwé iṣẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ gbéra ní Laredo, ó ń lọ sí Houston, etí ìrù yẹn já lójú òfurufú. Gbogbo èèyàn 14 tó wà nínú rẹ̀ ló kú.

Àwọn kan á ní kí ọkọ̀ tó ní àbùkù má fò rárá. A ò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin gbà kí wọ́n sún àwọn àtúnṣe kan síwájú: àwọn kan ọjọ́ 3, àwọn kan 10, àwọn mìíràn 120. Ewu ibẹ̀ ni pé ká sún un síwájú ká má ro ibi tó máa já sí. Lọ́dún 1989, ẹ̀rọ kékeré tó ń ta ẹ́ńjìnì jí bàjẹ́ nínú ọkọ̀ Air Ontario kan ní Kánádà. Wọ́n sún àtúnṣe rẹ̀ síwájú. Ọkọ̀ dé Dryden, yìnyín ń bọ́, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi ta ẹ́ńjìnì jí níbẹ̀. Awakọ̀ ò lè pa ẹ́ńjìnì kí wọ́n fi fọ yìnyín kúrò lápá ọkọ̀. Ó fò bẹ́ẹ̀. Nínú èèyàn 69, 24 ló kú.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa. Lọ́jọ́ Kérésìmesì 2003, ní Kútọnu, ẹrù àpọ̀jù ló fa jàǹbá, kì í ṣe àtúnṣe. Síbẹ̀ ìwádìí fi hàn pé àwọn awakọ̀ ò mọ̀ pé ìwúwo ọkọ̀ ti tẹ̀ síwájú. Ẹni tó kó ẹrù mọ̀ ibi tó kó o sí. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ò mọ̀.

Àwa tá a ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí mọ passation de service dáadáa: ohun tó parí, ohun tó kù, ohun tó bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ nínú ìwé, kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n a tún mọ nǹkan kan: òṣìṣẹ́ ò ní kọ òótọ́ sílẹ̀ tí ọ̀gá bá ń fìyà jẹ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa pé òfin wo ló ń dáàbò bo mẹkáníìkì tó bá ní, "Ọkọ̀ yìí ò tíì ṣe é fò." Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ sọ fún un pé kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fẹnu sọ ọ́ kó tó wá sílé sùn.