Kẹrosíìnì Kọ́ Ló Ń Lé Ejò

Bí òjò bá ti ń dunlẹ̀, ọ̀rọ̀ ejò kì í tán lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń gbé ìta ọgbà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Kò yani lẹ́nu. LASUSTECH wà ní Ìkòròdú, LASU ní ọgbà ní Ẹ̀pẹ́, ìlú méjèèjì sì wà létí ọ̀sà. Yàrá owó pọ́ọ́kú tí apá akẹ́kọ̀ọ́ ká, ẹ̀gbẹ́ àbàtà ló sábà máa ń wà. Ejò ti wà níbẹ̀ kí onílé tó ra ilẹ̀. Bí omi bá sì kún, òun náà á wá ibi gbígbẹ lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré rà ni kẹrosíìnì. Wọ́n á dà á yí ilé ká. Àwọn mìíràn á wọ́n iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ju káńfọ̀ sí kọ̀rọ̀, wọ́n á fi orógbó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lójú tiwa, owó ṣòfò ni. Òjò ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó láti fọ kẹrosíìnì lọ, kò sì sí ẹ̀rí gidi pé káńfọ̀ ń lé ejò. Èyí tó tún burú ni pé omi kò jìnnà nísàlẹ̀ ilẹ̀ létí ọ̀sà. Kẹrosíìnì tí a dà sílẹ̀ lónìí lè wọnú kànga tí a ó pọn mu lọ́la.

Ejò kò bá ènìyàn wá. Oúnjẹ ló ń wá kiri: eku, ọ̀pọ̀lọ́, aláǹgbá, ẹyin adìyẹ. Ààtàn ló ń pe eku, eku ló ń pe ejò. Àwọn àgbà sì ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á gé koríko mọ́lẹ̀, kí á kó bulọ́ọ̀kù àti pákó tó wà lẹ́yìn ilé kúrò, kí á bo ìdọ̀tí, kí á gé ẹ̀ka igi tó kan òrùlé. Kí á fi sìmẹ́ǹtì dí ihò ara ògiri, kí á kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé àti ojú ihò omi, kí á sì dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Lálẹ́, kí á má rìn láìsí tọ́ọ̀ṣì. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a bá ki etí rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa, kì í ṣe ẹ̀fọn nìkan ló ń dènà.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe gbogbo èyí? Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbálẹ̀ yàrá rẹ̀, kò lè ro ilẹ̀ òfìfo tí olówó rẹ̀ kò yọjú sí láti ọdún yìí wá. Onílé tó ń gba owó ọdún kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yẹ kó gé koríko àyíká ilé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á béèrè èyí kí á tó sanwó, nítorí lẹ́yìn owó, ẹnu wa kò ní tólẹ̀ mọ́. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí àwọn ilẹ̀ tó ti di igbó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ènìyàn tí ejò ń pa lọ́dọọdún lágbàáyé tó 81,000 sí 138,000, ọdún 2017 ni wọ́n sì fi oró ejò kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a ti pa tì. Bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fẹnu fa oró, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó máa mi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Ẹ béèrè èyí tó ní in ládùúgbò yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ nọ́ńbà wọn sára ògiri, kí òjò tó dé.